Bí Ara Bá Kọ Ọtí: Ẹ Má Tètè Pè É Ní Májèlé

Ètò ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà la tún gbé dé. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún ẹgbẹ́, kó rọra kà á, kó sì máa dúró níbi tí ìbéèrè bá ti wà. Ọ̀rọ̀ tòní kan ilé àna, ó kan ilé ọlọ́tí, ó sì kan ẹni tó ń ta oògùn nínú ọjà.

Ẹgbẹ́ kan ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wa. N kò ní dárúkọ abúlé wọn, nítorí ọ̀rọ̀ àna ni, ọ̀rọ̀ àna sì ń fẹ́ ìbòrí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ṣe ìdána. Wọ́n gbé obì kalẹ̀, wọ́n gbé orógbó, wọ́n gbé atáare àti oyin, wọ́n sì gbé sódàbì kalẹ̀ bí a ti ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó, ìyá àgbà tí gbogbo abúlé ń bọ̀wọ̀ fún, ló bu ọtí sí ife kékeré fún ọkọ ìyàwó. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ gbà á, ó mu ún, kò mu ju ife kan lọ.

Kò pẹ́ rárá. Kí wọ́n tó pín obì tán, ojú rẹ̀ ti ń gbóná bí ẹni tó dúró nídìí ààrò. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Orí ń fọ́ ọ. Òógùn bò ó, ó sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Làwọn ẹbí ọkọ bá dìde: “Kí lẹ fi sí i? Kí lẹ fi sínú ife ọmọ wa?” Ìyá àgbà ní òun kò fi nǹkan kan sí i, inú ìgò kan náà ni gbogbo wọn ti mu. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n di ẹrù ìdána padà. Ìyá àgbà ń sunkún, ọmọbìnrin náà ń sunkún. Ẹbí méjì tó ti ń pọn omi nínú kànga kan náà láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò kí ara wọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì kan ni Ọlọ́run lò. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn nítorí nǹkan mìíràn, tó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì bi í: “Lọ́jọ́ yẹn, oògùn wo lo ń lò?” Ó rántí pé inú ń run òun ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun sì ra oògùn lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé àtẹ oògùn kiri ọjà. Ó ṣì ní èyí tó kù nílé. Wọ́n wò ó: métronidazole, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Flagyl. Oògùn inú ni, oògùn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n òun àti ọtí kì í gbé inú ara kan.

Ẹ ò rí i báyìí? Kò sí májèlé. Ìyá àgbà kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ó kù díẹ̀ kí ilé kan má dúró mọ́.

Kí ni ọtí ń ṣe nínú ara?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gaàrí mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní ìpele. Ẹnì kan ń rin ẹ̀gẹ́, ẹlòmíràn ń fún omi rẹ̀, tó sì ń yan án. Bí ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ bá ń rin ín lọ, tí ẹni tó ń yan án kò sì wá síbi iṣẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ẹ̀gẹ́ á kóra jọ, á kan, á máa rùn, kò ní ṣeé sún mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ẹ̀dọ̀. Bí ọtí bá dé ẹ̀dọ̀, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ á sọ ọ́ di nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní asetadéháìdì. Nǹkan yìí le, ó ń jó ara. Òṣìṣẹ́ kejì ló ń yára gbà á, tó ń sọ ọ́ di ohun kan tó jọ ọtí kíkan, èyí tí ara lè lò. Bí òṣìṣẹ́ kejì bá dúró, tàbí tó bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó le yẹn á kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà ni ojú á gbóná, àyà á máa lù, orí á fọ́, èébì á dé, nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ tí òòyì á fi kọ́ni. Kì í ṣe ìmutípara. Ẹni tó mu ìwọ̀n ẹnu ìgò kan lè bọ́ sínú rẹ̀, kí ẹni tó mu ife mẹ́rin máa wò ó.

Àwọn kan wà tí wọ́n bí wọn bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, Japan àti Kòríà, ọ̀pọ̀ èèyàn, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ní àwọn ibì kan, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni òṣìṣẹ́ kejì yìí kò lágbára nínú ara wọn láti inú ìyá wọn wá. Bí wọ́n bá mutí díẹ̀, ojú wọn á pọ́n. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú. Nítorí náà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ níbí, pàápàá sí ẹni tó ti ń mu tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ sí ibòmíràn.

Oògùn tí kò fẹ́ràn ọtí

Ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni oògùn. Métronidazole wà níbẹ̀, tinidazole wà níbẹ̀. Griseofulvin tí wọ́n ń lò fún làpálàpá wà níbẹ̀, àti àwọn abẹ́rẹ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ ọtí ló máa ń ṣe, ṣùgbọ́n o kò lè mọ̀ bóyá ìwọ ló máa ṣe. Ìlànà rẹ̀ kò le: tí o bá ń lo métronidazole tàbí tinidazole, má mutí rárá, tí o bá sì lò ó tán, fi ọjọ́ mẹ́ta sí i kí o tó fi ọtí kan ẹnu.

Ìtàn kan wà lórí èyí. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, ní orílẹ̀-èdè Denmark, àwọn onímọ̀ méjì kan, Jens Hald àti Erik Jacobsen, ń wá oògùn aràn. Wọ́n lo oògùn kan tó ń jẹ́ disulfiram fúnra wọn láti mọ̀ bóyá kò ní pa èèyàn lára. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àfi ìgbà tí wọ́n mutí. Ọtí díẹ̀ báyìí, ara wọn gbóná, àìsàn dé. Láti ibẹ̀ ni oògùn náà ti di èyí tí àwọn dókítà ń fún ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ yín ń mutí jù, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Mo mọ̀ pé ìyà ń jẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ yín láìsọ fún un. Bó bá jáde lọ mutí sí i láìmọ̀, ó lè kú. Ẹni tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ló ń gba oògùn yìí, dókítà ló sì ń fún un. Bákan náà, ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, kó má ṣe já a lójijì lọ́jọ́ kan láìrí dókítà. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè mú un.

Àwọn baba wa náà mọ̀

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Láàárín àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà, olú kan wà tí wọ́n ń pè ní ajẹìmutí. Ẹ gbọ́ orúkọ náà: ẹni tó bá jẹ ẹ́ kì í mutí. Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso kọ nípa àwọn olú tí Yorùbá mọ̀ ní ọdún 1975, ajẹìmutí sì wà nínú wọn. Nínú irú olú bẹ́ẹ̀, nǹkan kan wà tó ń dá òṣìṣẹ́ kejì inú ẹ̀dọ̀ dúró, bí disulfiram ṣe ń ṣe. Olú ṣeé jẹ, ọtí ṣeé mu, àwọn méjèèjì pọ̀ kò ṣeé ṣe. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kankan. Wọ́n ṣàkíyèsí, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ náà sínú orúkọ kí ọmọ má bàa gbàgbé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ẹ bi àwọn àgbà yín: irú olú wo ni wọ́n ní kí èèyàn má jẹ mọ́ ọtí lágbègbè tiyín?

Nígbà mìíràn, ohun tó wà nínú ọtí ni

Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bíà nìkan ló ń ṣe é, tó bá mu ẹmu, kò sí nǹkan kan. Òmíràn, wáìnì pupa ló ń fọ́ ọ lórí. Ìka kò dọ́gba, ara náà kò dọ́gba.

Ọkà báálì ni wọ́n fi ń pọn ọ̀pọ̀ bíà, wọ́n sì ń fi àlìkámà pọn òmíràn. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pọn ṣùkútù tí wọ́n ń mu ní òkè ọ̀hún, òun náà ni wọ́n sábà máa fi ń ṣe ṣàkpàló. Bí ara ẹnì kan bá kọ ọkà kan, ohun mímu tó ti ara rẹ̀ wá lè yún un lára. Wọ́n ń fi èròjà kan sínú wáìnì kó má bàa bàjẹ́, sọ́fáítì lorúkọ rẹ̀. Ó lè fa àìlèmí dáadáa fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ohun mímu tó ti kan pẹ́ tún máa ń ní èròjà kan tó ń mú imú dí, tó ń mú ara yún, tó sì ń mú orí fọ́.

Ẹ tún ṣọ́ ọtí tó fara pa mọ́. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú sódàbì, ọtí ni. Ẹni tó ní òun kì í mutí, tó ń mu àgbo jẹ̀dí ní ife kan láàárọ̀ àti ife kan lálẹ́, ó ń mutí, ọtí líle sì ni. Omi ìkọ́ kan wà nínú ìgò tó ní ọtí nínú. Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ kì í ṣe ẹmu ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, ó dùn bí omi ṣúgà. Àmọ́ láti orí ọ̀pẹ ló ti ń ru, bí oòrùn bá sì ti ń gòkè ni ọtí inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ má fún ọmọdé, ẹ má sì fún aláboyún. Fún aláboyún, kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ì báà jẹ́ ẹmu, ì báà jẹ́ bíà.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn wárápá, kí gbogbo wọn bi dókítà kí wọ́n tó gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà tó ń sọ pé “ohun tí mo ti ń mu látijọ́ kò ṣe mí rí,” ara àná kọ́ ni ara òní, bàbá.

Májèlé tòótọ́ wà, ṣùgbọ́n kò jọ èyí

Mo ní ẹ má tètè pariwo májèlé. N kò ní ẹ má ṣọ́ra. Ọtí búburú wà. Àwọn oníṣòwò kan tó fẹ́ èrè òjijì máa ń pa nǹkan mọ́ ọtí. Èyí tó burú jù ni mẹtanọ́ọ̀lù, ọtí ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe fún mímu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ojú àwọn èèyàn ṣàdédé ń fọ́, wọ́n sì ń kú. Ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, mẹtanọ́ọ̀lù ni wọ́n rí.

Báwo la ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Èyí tí ara kọ máa ń yára dé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ṣe nínú gbogbo àwọn tó mu nínú ìgò kan náà. Mẹtanọ́ọ̀lù máa ń fara pa mọ́. Ó lè tó wákàtí 12 sí 24 kó tó fi ara hàn, ó sì lè mú èèyàn púpọ̀ tó mu ọtí kan náà. Inú á máa run wọ́n, ojú á ṣú tàbí kí wọ́n máa rí nǹkan bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Àwọn kan máa ń ta iná sí sódàbì láti dán an wò. Iná lè sọ fún ọ pé ọtí náà le. Kò lè sọ fún ọ pé kò ní májèlé, torí mẹtanọ́ọ̀lù náà ń jó. Ẹ ra sódàbì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń mu nínú ohun tó ń tà.

Ẹ tún ra oògùn níbi tó yẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba wa wọ ọjà oògùn Adjégounlè ní Kútọnù, wọ́n kó oògùn tí kò yẹ kó wà lórí àtẹ. Síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ oògùn ṣì ń rìn lọ́jà wa, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gé oògùn mẹ́rin fún ọ láìsí páálí, láìsí ìwé, báwo lo ṣe máa rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé “má mutí”? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ ìyàwó wa nìyẹn.

Bó bá ṣẹlẹ̀ níwájú yín

Ẹ jẹ́ kó dá ọtí dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà. Bí orí bá ń yí i, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èébì má bàa pa á. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, bí kò bá lè mí dáadáa, bó bá dákú, tàbí bí kò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ wá ọkọ̀ tàbí zẹ́mìjàn lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú ìgò ọtí náà dání. Ẹ mú oògùn tó ń lò dání. Ohun méjì yẹn lè gba ẹ̀mí là ju gbogbo àlàyé lọ.

Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, tó kàn ń ṣe ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní kí ọmọ iléèwé bá ọ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí o mu, bó ṣe pọ̀ tó, ohun tí o jẹ, oògùn tí o lò lọ́sẹ̀ yẹn, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mú ìwé náà lọ bá dókítà. Má tún un mu láti fi dán ara wò.

Báwo la ṣe ń kọ ife láìtàbùkù ẹni?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Wọ́n á ní, “Irú ọkùnrin wo ni ìwọ?” Wọ́n á ní o kórìíra àwọn. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, bíà kì í bá mi lára mu. Ara á yún mi, imú á dí. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń mu ún nítorí ojú ayé, tí màá délé tí n kò ní lè sùn. Ọjọ́ tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé “ara mi kò gbà á,” wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Wọ́n ń ra omi fún mi báyìí.

Ẹ wò ó, bí Mùsùlùmí bá ní òun kì í mutí, ta ló ń bínú sí i? A ń wá nǹkan mìíràn fún un ni. Ọ̀wọ̀ kan náà ló yẹ kí á fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Tí àgbà bá na ife sí ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá bó bá jẹ́ àṣà ibẹ̀, kí o sì sọ pé: “Ẹ ṣeun, bàbá. Oògùn ló wà lára mi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi mu ún.” Alárinà náà lè sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ ìdána. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ fi omi àti ohun dídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọtí. Obì àti omi tútù tó láti fi súre. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìdána náà já sí. Bàbá ọkọ fúnra rẹ̀ ló kó àwọn àgbà sẹ́yìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó bu omi sí ife kan náà, ó gbé e fún ọkọ ìyàwó. Ó mu ún tán. Ẹgbẹ́ náà ní wọ́n ti tún ìdána ṣe.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

1. Ṣé a mọ ẹnì kan tí wọ́n fi ẹ̀sùn májèlé kàn lábúlé wa, tó lè jẹ́ pé oògùn àti ọtí ló pàdé?
2. Níbo la ti ń ra oògùn? Ta ló ń sọ fún wa ohun tí a kò gbọdọ̀ pa pọ̀ mọ́ ọn?
3. Àgbo wo nínú ilé wa ni wọ́n rẹ sínú ọtí? Ta ló ń mu ún?
4. Níbi ìnáwó tó ń bọ̀, kí la máa gbé kalẹ̀ fún ẹni tí kì í mutí?

Ẹ fi èsì yín rán ẹni tó ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ àgbàdo ni: bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kó má bàa hu èbu kó tó di ìgbà tí owó rẹ̀ gòkè. Títí dìgbà náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á gba ife tó máa tú ilé wa ká. Ó dàbọ̀ o.